Gbígbé Irin Nígbà tí ó Ku Pọ́n-ùn Díẹ̀: Àlàyé lórí Ọ̀rá, Iṣan àti Òṣùwọ̀n

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé iṣẹ́ tí gbígbé irin ń ṣe nínú ara ẹni tí ó ti dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù títí tí ó fi ku pọ́n-ùn márùn-ún, mẹ́jọ, tàbí mẹ́wàá péré kí ó dé ibi tí ó ń lọ. A kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó sanra dé ibi tí àìsàn fi ń bá a fínra. Ọ̀rọ̀ ti onítọ̀hún wà lọ́wọ́ dókítà, ọ̀pọ̀ ohun tí ó sì jẹ́ òótọ́ nípa tirẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́ nípa ẹni tí a ní lọ́kàn. Ẹni tí a ní lọ́kàn ni ẹni tí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n tí òṣùwọ̀n kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe ni pé yóò tún oúnjẹ gé sí i, yóò sì máa sáré ní ìdájí. Èrò wa ni pé ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń ṣì í ṣe, àti pé àṣìṣe náà kì í hàn lójú òṣùwọ̀n.

Kí a tó wọ inú àlàyé, ó yẹ kí a yanjú ìṣòro kan tí èdè wa fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Bí Yorùbá bá rí ẹni tí ara rẹ̀ dínkù, wọn a ní ó rù, tàbí ó gbẹ, tàbí ó joro. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó sọ fún wa bóyá ọ̀rá ni ó kúrò lára onítọ̀hún tàbí ẹran. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni tí ara rẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí ó sanra àti ẹni tí ó taagun lè wọn iye kan náà lórí òṣùwọ̀n, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí yóò fi ọ̀rọ̀ èkínní ṣàpèjúwe èkejì. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ nígbà tí ara ń pọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tí ara ń dínkù. Òṣùwọ̀n burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò mọ̀ ọ́n ní ìgbà kankan.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn ènìyàn a máa lo “iṣan” fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, wọn a sì máa lò ó fún ẹran ara tí ó ń fa egungun tí ó sì ń gbé ẹrù. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí nìkan ni a ó máa lò ó fún níhìn-ín.

2. Kí ni ó ń dínkù?

Bí oúnjẹ tí a jẹ kò bá tó iṣẹ́ tí ara ṣe, ara yóò wá ìyókù láti inú ohun tí ó ti fi pamọ́. Yóò kọ́kọ́ mú nínú ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú iṣan. Yóò mú nínú ọ̀rá, èyí tí í ṣe àká tí ó tóbi jù. Ṣùgbọ́n yóò máa bù nínú ẹran iṣan pẹ̀lú. Iye tí yóò bù níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ní 1987, Gilbert Forbes, oníṣègùn ọmọdé ní yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, fi hàn láti inú ìṣirò púpọ̀ tí ó kó jọ pé bí ọ̀rá ara ènìyàn bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí ohun tí kì í ṣe ọ̀rá ń kó nínú gbogbo ohun tí ó ń sọnù yóò ti pọ̀ tó. Àgbẹ̀ tí àká rẹ̀ kún fún àgbàdo yóò ta àgbàdo bí ó bá nílò owó. Èyí tí àká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lè bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ́ àti àdá. Nítorí náà, pọ́n-ùn mẹ́jọ àkọ́kọ́ àti pọ́n-ùn mẹ́jọ ìkẹyìn kì í ṣe ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ dọ́gba lórí òṣùwọ̀n. Èyí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ.

Ìdánwò tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn lọ́nà tí a kì í gbàgbé ni èyí tí Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní yunifásítì Minnesota ní 1944 àti 1945, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1950. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n jagun ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Fún ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi jẹ ìwọ̀nba búrẹ́dì, ọ̀dùnkún, mákàrónì àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti máa rin máìlì 22 ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn parí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ni ó ti lọ. Iṣan bá ọ̀rá lọ. Agbára ọwọ́ wọn rọ, òtútù ń mú wọn ní ibi tí kò ti mú ẹlòmíràn, oúnjẹ sì ni wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru. Nígbà tí a tún ń bọ́ wọn, ọ̀rá ni ó tètè padà, ó sì kọjá ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ kí iṣan tó padà bọ̀ sípò.

Òtítọ́ ni pé ìyà tí àwọn wọ̀nyí jẹ pọ̀ ju ti ẹni tí ó fẹ́ dín pọ́n-ùn mẹ́jọ kù lọ fíìfíì, a kò sì gbọdọ̀ fi ti èkínní wọn ti èkejì láìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí ó kàn wá. Èkínní, wọn kì í ṣe ẹni tí ó sanra nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èkejì, máìlì 22 tí wọ́n ń rìn kò dáàbò bo iṣan wọn. Ìrìn dára fún ọkàn àti fún ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n kò sọ fún iṣan apá àti ti ẹ̀yìn pé a ṣì nílò wọn.

3. Iṣẹ́ tí irin ń ṣe

Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú ẹran iṣan tí ó sì ń mọ òmíràn dípò rẹ̀, bí ẹni tí ń gé amọ̀ tí ó ti gbó kúrò lára ògiri tí ó sì ń fi tuntun rẹ́ ẹ. Nígbà tí oúnjẹ bá tó, mímọ àti wíwó a máa dọ́gba. Bí oúnjẹ bá dínkù, mímọ a fà sẹ́yìn, wíwó kò sì dúró dè é. Ohun tí gbígbé ẹrù wúwo ń ṣe ni pé ó ń jí mímọ náà, ó sì ń mú kí ó wà lójúfò fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí a ti gbé ẹrù náà kalẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí a kì í fi gbogbo rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí a tètè kọ èrò kan sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ní iṣan púpọ̀ yóò máa jó ọ̀rá bí iná ààrò, kódà bí ó bá sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kílò iṣan kan tí ó wà ní ìsinmi ń ná nǹkan bí kálórì 13 ní ọjọ́ kan. Ọsàn kékeré kan ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Wákàtí kan tí a fi gbé irin pàápàá kò jó ọ̀rá tó bí àwọn ènìyàn ti ń rò, nítorí ìsinmi ni ó kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé irin nítorí àtijó ọ̀rá yóò rí ìjákulẹ̀. Oúnjẹ ni ó ń pinnu iye tí yóò dínkù. Irin ni ó ń bá wa pinnu ohun tí yóò dínkù.

Ẹ̀rí èyí kì í ṣe tuntun. Ní 1988, Ballor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín obìnrin 40 tí ó sanra sí ọ̀nà mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: àwọn kan dín oúnjẹ kù nìkan, àwọn kan dín oúnjẹ kù wọ́n sì ń gbé irin, àwọn kan ń gbé irin láìdín oúnjẹ kù, àwọn kan kò sì ṣe èyíkéyìí. Ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ méjèèjì tí ó dín oúnjẹ kù sọnù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá wo òṣùwọ̀n nìkan yóò ní irin kò wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gbé irin pàdánù nínú ẹran ara tí kì í ṣe ọ̀rá, àwọn tí ó gbé e kò sì pàdánù rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn obìnrin yìí sanra, pé kì í ṣe irú ẹni tí a ń sọ nìyẹn. Ó tọ̀nà; ìdí nìyí tí a ó fi padà sí ọ̀rọ̀ àwọn eléré-ìdárayá ará Norway ní apá tí ó kàn.

Báwo ni ẹrù náà ṣe gbọdọ̀ wúwo tó? Ìdáhùn tí a ṣì ń lò wá láti ọ̀dọ̀ Thomas DeLorme, dókítà ológun Amẹ́ríkà tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1945. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ní kí aláìsàn máa gbé ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó wá ìwúwo tí aláìsàn lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí kò sì ní lè gbé ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá, ó sì ń fi kún un bí agbára ti ń pọ̀. Lóde òní, a ti mọ̀ pé ẹrù tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ náà lè ṣe iṣan láǹfààní, bí a bá gbé e títí tí ó fi kù díẹ̀ kí a má lè gbé e mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó mú ẹrù fúyẹ́ kì í sábà gbé e dé ibẹ̀. Yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀ kí iṣan rẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe tí ó dùn wá jù nìyí: bí ó bá ti ku pọ́n-ùn díẹ̀, àwọn ènìyàn a gbé irin wúwo tí wọ́n ti ń lò jù sílẹ̀, wọn a mú èyí tí ó fúyẹ́, wọ́n ní àwọn ń “gbẹ́” ara bí ẹni gbẹ́ ère. Irin wúwo ni ó mọ iṣan náà. Bí a bá mú un kúrò ní àkókò tí oúnjẹ dínkù, ìdí tí ara yóò fi pa iṣan mọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí a lè dín kù ni iye ìgbà. Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2011 pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16 tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi gbé irin, wọ́n lè fi ìdá kan nínú mẹ́sàn-án iṣẹ́ náà pa iṣan wọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 32, níwọ̀n ìgbà tí ẹrù kò bá fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 60 sí 75, kò tó. Agbára wọn dúró, ṣùgbọ́n iṣan wọn dínkù. Àwọn wọ̀nyí kò sì dín oúnjẹ kù. Ẹni tí ó ń dín in kù kò gbọdọ̀ sọ pé ìdá kan nínú mẹ́sàn-án tó fún òun.

Kò pọndandan kí ènìyàn ní ilé tí a ti ń gbé irin. Ìlóṣòó àti dídìde pẹ̀lú ẹrù, gbígbé ẹrù láti ilẹ̀, títì í sókè orí, àti fífà á wá sí àyà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀: mẹ́rin yìí ń dé ara gbogbo iṣan ńláńlá. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí omi kún inú rẹ̀ wọn kílò 25, láìka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, a sì lè máa fi lítà kọ̀ọ̀kan kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi wá pé kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo alábàárù tí ó ń gbé ẹrù lójoojúmọ́ ni ó taagun, a ó dáhùn pé kò sí ẹni tí ó ń ṣètò bí ẹrù rẹ̀ yóò ti máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò sí ìsinmi láàárín, oúnjẹ rẹ̀ sì lè má tó fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù tí ó ń ba ọ̀pọ̀ obìnrin, pé irin yóò sọ wọ́n di ọkùnrin, a kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹni tí kò jẹun yó kò lè fi àṣìṣe di òmìrán. Bákan náà ni ti ẹni tí ó ń dùbúlẹ̀ dìde ní ìgbà ọgọ́rùn-ún nítorí ikùn: iṣan ikùn rẹ̀ yóò le, ṣùgbọ́n ara ni ó ń yan ibi tí ọ̀rá yóò ti kúrò.

4. Oúnjẹ àti ìyára

Ní 2011, Garthe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway ṣe ìwádìí lórí eléré-ìdárayá 24 tí wọ́n fẹ́ dín ìwọ̀n ara wọn kù. Wọn kì í ṣe ẹni tí ó sanra. Ìdí tí a fi ka iṣẹ́ yìí sí nìyẹn. Gbogbo wọn ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. A ní kí apá kan máa sọ ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn nù ní ọ̀sẹ̀ kan, kí apá kejì máa sọ ìlọ́po méjì rẹ̀ nù. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìwọ̀n tí àwọn méjèèjì sọnù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rọra ṣe é ní ẹran tí kì í ṣe ọ̀rá kún ara wọn ní ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ó yára kò rí èrè kankan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 45, tí ó wọn pọ́n-ùn 158, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 72, tí ó sì fẹ́ wọn 150. Ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan àti díẹ̀ lọ́sẹ̀. Lójú tiwa, ìyẹn ni òkè àjà; ìdajì rẹ̀ ni a bá gbà á níyànjú. Bí a bá fi ìṣirò àtijọ́ tí Wishnofsky gbé kalẹ̀ ní 1958 ṣe é, pé kálórì 3,500 ni ó wà nínú pọ́n-ùn ọ̀rá kan, kálórì 300 tí ó bá dín kù lójúmọ́ yóò mú pọ́n-ùn 0.6 kúrò lọ́sẹ̀. Ìṣirò náà a máa ṣèlérí ju ohun tí a ń rí lọ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, nítorí ara kékeré kì í ná tó ara ńlá. Ṣùgbọ́n fún ìbẹ̀rẹ̀, ó tó. Kálórì 300 kì í ṣe ohun ńlá. Ṣíbí ìjẹun epo kan jẹ́ nǹkan bí kálórì 120. Ṣíbí méjì ààbọ̀ tí a kò dà sínú ọbẹ̀ ẹni ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, láìfi ọwọ́ kan ẹja tàbí ẹran.

A mẹ́nu kan ẹja àti ẹran nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń gé nìyẹn, bóyá nítorí owó, bóyá nítorí pé wọ́n rò pé òun ni ó ń múni sanra. Purotéènì inú wọn ni ara fi ń mọ iṣan. Ní 2016, Longland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì McMaster ní Kánádà fún ọ̀dọ́mọkùnrin 40 ní oúnjẹ tí a dín kù gidigidi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo wọn sì ń ṣe eré líle. Àwọn kan ń jẹ gíráàmù purotéènì 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àwọn kan ń jẹ 2.4. Ẹgbẹ́ kejì sọ kílò ọ̀rá 4.8 nù, ẹran wọn sì fi kílò 1.2 pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ kìíní sọ 3.5 nù, ẹran wọn dúró lójú kan. Wọn kì í ṣe agbérin tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀rá púpọ̀ lára, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé iṣan yóò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tiwa. Pé kí ó má dínkù ni èrè tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 115 ni ó nílò lójúmọ́. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà, kí a tó sè é, ní bí 23. Ẹja sísè tí ó wọn iye kan náà kò jìnnà sí i. Ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà ní púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ìdajì wọn ni ó jẹ́ ọ̀rá, nítorí náà ẹni tí ó ń ka kálórì ní láti ṣọ́ wọn. Gàárì kò ní nǹkan kan tí a lè tọ́ka sí. Àwo ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ẹran bíńtín kò lè pé iye yìí, bí a tilẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́ínmọ́ín tí epo rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹyin àti ẹja wà nínú rẹ̀, wúlò fún obìnrin yìí ju àpò oúnjẹ ìyẹ̀fun tí àwọn oníṣòwò ń tà fún agbérin lọ, kò sì wọ́n tó o. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ni kí ó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

5. Òṣùwọ̀n

Nígbà tí ó bá ku pọ́n-ùn mẹ́jọ, omi nìkan tó láti bo gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Gíráàmù ṣúgà kan tí iṣan bá fi pamọ́, ó ń fi nǹkan bí gíráàmù omi mẹ́ta pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Iṣan tí ó ń ro wá nítorí irin tuntun a máa gba omi. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ àná a máa gba omi. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń gba omi kí nǹkan oṣù tó dé. Nítorí náà, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé irin lè rí i pé òun fi pọ́n-ùn méjì tàbí mẹ́ta wúwo sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, a sì máa fi irin sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹni tí ó bá gba òṣùwọ̀n gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ lè ṣe ohun tí ó burú ju èyí lọ. Láàárín oṣù kọkànlá àti ìkejìlá 1997, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí ó ń ja ìjàkadì fún yunifásítì wọn ní Amẹ́ríkà kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti yára bọ́ sínú ìwọ̀n tí wọn yóò ti jà. Wọ́n wọ aṣọ tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n ń ṣe eré líle ní ibi tí ó gbóná, kí òógùn lè jáde. Ohun tí wọ́n sọ nù kì í ṣe ọ̀rá. Wọ́n yí òfin eré náà padà lẹ́yìn ìyẹn. Síbẹ̀, a ṣì ń rí àwọn tí ó ń fi ọ̀rá wé ikùn tí wọ́n sì ń sáré nínú oòrùn, tí inú wọn a sì dùn nígbà tí òṣùwọ̀n bá sọ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

Kí ni a ó wá wò? Okùn ìdíwọ̀n tí télọ̀ fi ń wọn ìbàdí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀. Àròpọ̀ òṣùwọ̀n ọjọ́ méje tí a pín sí méje, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni ìwé kékeré tí a ń kọ ẹrù tí a gbé sí. Bí ìbàdí bá ń dínkù tí irin kò sì yẹ̀, ọ̀rá ni ó ń lọ. Bí irin bá fúyẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì léra, tí oorun sì ti dára, tí kò sí àìsàn, a jẹ́ pé iṣan ti wà lára ohun tí ń lọ. Oúnjẹ ni kí a dá padà sí ipò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kì í ṣe pé kí a tún gé e sí i.

Bí obìnrin tiwa bá dé ọ̀sẹ̀ kejìlá, tí òṣùwọ̀n sì dúró sí 152, tí ìbàdí rẹ̀ ti fi íǹṣì méjì dínkù, tí ó sì ń fi kẹ́ẹ̀gì tí ó kún lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bí ó ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó tún lé pọ́n-ùn méjì tí ó kù.